Ẹ Ṣọ́ Ibi Eré, Ẹ Fi Eré Sílẹ̀ fún Ọmọ

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nídìí ààrò, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yí rédíò sókè díẹ̀.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ bá mi fetí sí ohun tó ń jáde lẹ́nu àwa òbí ní ìrọ̀lẹ́ kan ṣoṣo. "Má sáré!" "Sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀!" "Ta ló ní kó o bọ́ bàtà?" "Wọlé wá, ilẹ̀ ti ń ṣú." Oòrùn ò tíì wọ̀ o. "Wo aṣọ rẹ!" "Fi igi yẹn sílẹ̀, wàá fi gún ẹnìkan lójú." "Tó o bá ṣubú, kì í ṣe èmi ni màá gbé ẹ lọ sí ọsibítù." Tí ọmọ náà bá wá lọ jókòó jẹ́ẹ́ sí kọ̀rọ̀ yàrá, tó gbé fóònù dání, tó dorí kodò, ọkàn wa á balẹ̀. A ó tiẹ̀ yìn ín. A ó ní ọmọ náà kì í yọni lẹ́nu.

Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ kò pọ̀. Mo fẹ́ bẹ òbí pé kó ṣọ́ ibi tí ọmọ ti ń ṣeré, kó sì fi eré náà fúnra rẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọ. Iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Kànga wà lẹ́yìnkùlé tí kò ní ìdérí, ọ̀pọ̀ wa ò rí i. Iyẹ̀pẹ̀ tó wà lára ṣòkòtò ọmọ la rí.

Mo mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ wí. Ẹ ó ní ayé ti bàjẹ́, gbọ́mọgbọ́mọ pọ̀, ọlọ́kadà kì í wojú, ará ilé kejì gan-an a ò mọ orúkọ rẹ̀. Mo gbọ́. Màá dé ibẹ̀, n kò sì ní sọ fún yín pé ẹ̀rù tó ń bà yín kò nídìí.

Ládùúgbò wa, típà kan já iyanrìn sẹ́nu ọ̀nà ilé kan tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́. Ilé ìwé ti jáde. Ká tó wí ká tó fọ̀, ọmọ ti kún orí iyanrìn náà. Àwọn kan ń fò látòkè wá sílẹ̀, àwọn kan ń gbẹ́ ihò. Ọmọbìnrin kan gbé agolo sadíìnì dání, ó ń wọn iyanrìn tà fún àwọn oníbàárà rẹ̀, ewé sì ni owó tí wọ́n ń san. Èyí tí mo dúró wò jù ni ọmọkùnrin kan tó máa tó ọmọ ọdún méje. Ó ti ọwọ́ òsì bọ inú iyanrìn tútù, ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún gbá a lórí pẹ́pẹ́pẹ́, ó kó òmíràn lé e, ó tún gbá a. Ó wá fi eyín di ètè ìsàlẹ̀ mú, ó rọra ń yọ ọwọ́ òsì jáde. Ihò náà dúró. Ó ti di ilé. Ó ki igi ìṣáná kan bọ̀ ọ́ lórí, ó ní òpó NEPA ni. Ó kọ́ ilé kejì, ìyẹn wó. Ó bu iyanrìn náà, ó fi ìka fọ́n ọn, ó ní, "Èyí ti gbẹ jù." Ló bá rán ọmọ kan tó kéré sí i lọ bu omi wá.

Kò sí tíṣà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé iyanrìn gbígbẹ kì í so pọ̀. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ díẹ̀ sí i, omi á pọ̀ jù, ilé á tún wó, òun náà á sì wá mọ ibi tí omi ti ń tó. Ṣùgbọ́n ìyá kan ti figbe ta láti ojú fèrèsé òkè: "Ṣé orí iyẹ̀pẹ̀ ni mo ní kó o lọ? Ìwé rẹ ńkọ́?" Tí ẹni tó ni iyanrìn bá lé wọn, mi ò ní bá a jà, nítorí owó gọbọi ni típà iyanrìn kan lóde òní. Ti ìyá yẹn ni kò yé mi. Ìwé wo ló tún fẹ́ kí ọmọ yẹn lọ kà?

Ohun tí àwọn ọmọ yẹn ń ṣe lórí iyanrìn, àwọn kan wà tí wọ́n dìídì ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ kí ọmọ lè máa rí i ṣe. Ní orílẹ̀-èdè Denmark, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ C. Th. Sørensen. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ṣètò ọgbà àti pápá ìṣeré. Ó wá kíyè sí i pé àwọn ọmọ kì í fi bẹ́ẹ̀ dúró ní pápá dáadáa tí òun ṣe fún wọn. Ìdí pákó àti àfọ́kù bíríkì níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé ni wọ́n máa ń lọ. Lọ́dún 1943, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Jámánì ṣì wà nílùú wọn, wọ́n ṣí ibì kan sílẹ̀ ní Emdrup, ní Copenhagen. Wọ́n kó pákó, bíríkì, okùn àti irinṣẹ́ síbẹ̀, wọ́n ní kí ọmọ wọlé kó máa ṣe ohun tó bá wù ú. Àgbàlagbà wà níbẹ̀ tó ń ṣọ́ wọn. Kì í kọ́ wọn ní eré, kì í sì í sọ ohun tí wọn yóò kọ́ fún wọn. Obìnrin ará Bìrìtìkó kan, Lady Allen of Hurtwood, rí ibẹ̀ lọ́dún 1946, ó gbé èrò náà lọ sílé, wọ́n sì ṣe irú rẹ̀ nílùú wọn, àní lórí ilẹ̀ tí bọ́ǹbù ti wó ilé. Àwa kò nílò ká lọ sí Denmark. Iyanrìn wà ní gbogbo òpópónà wa.

Ẹ jẹ́ ká gba ìdí bọ́ọ̀lù lọ. Ẹ mọ mọ́ńkì pósì: òkúta méjì níhìn-ín, sálúbàtà méjì lọ́hùn-ún, kò sí gólì, kò sí réfírì. Bọ́ọ̀lù gba orí sálúbàtà kọjá. Apá kan ní, "Ó wọlé!" Apá kejì ní, "Kò wọlé, orí bàtà ló gbà!" Ariwo ta. Tẹ́ ẹ bá dúró wò wọ́n, ẹ ó rí i pé àkókò tí wọ́n fi ń jiyàn pọ̀ ju èyí tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù lọ. Ẹnìkan á búra. Ẹnìkan á pe ẹlẹ́rìí. Ẹni tó ni bọ́ọ̀lù á halẹ̀ pé òun ń gbé bọ́ọ̀lù òun lọ sílé, àwọn yòókù á sì mọ̀ pé àfi káwọn tù ú lójú. Níkẹyìn wọ́n á ní kí wọ́n gbá pẹnáritì, eré á sì máa lọ.

Àsìkò yẹn gan-an ni bàbá kan máa ń jáde sí wọn pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì. "Ẹ fún un ní góòlù rẹ̀, kẹ́ ẹ yéé pariwo!" Ó ti dájọ́, ó ti wọlé. Ọmọ tó rò pé wọ́n rẹ́ òun jẹ á fa ojú ro, á gbé bọ́ọ̀lù, á lọ, eré parí. Ariwo dákẹ́ lóòótọ́. Ilé ẹjọ́ tí àwọn ọmọ yẹn dá sílẹ̀ fúnra wọn náà ti túká.

Onímọ̀ ará Switzerland nì, Jean Piaget, jókòó ti àwọn ọmọ tó ń ta bọ́ọ̀lù gíláàsì kéékèèké nílẹ̀, ó ń bi wọ́n léèrè òfin eré wọn, ó sì gbé ohun tó rí jáde nínú ìwé kan lọ́dún 1932. Àwọn tó kéré gbà pé ọ̀dọ̀ àgbà ni òfin ti wá, pé kò sẹ́ni tó lè yí i. Àwọn tó ti dàgbà díẹ̀ mọ̀ pé àdéhùn ni òfin, pé tí gbogbo wọn bá fohùn ṣọ̀kan, àwọn lè tún un ṣe. Ọ̀dọ̀ ara wọn ni wọ́n ti kọ́ ìyẹn, láàárín ẹgbẹ́, níbi tí kò ti sí ọ̀gá. A ń pariwo lójoojúmọ́ pé àwọn olóṣèlú wa kò mọ bí wọ́n ṣe ń jiyàn láìju àga. Mo máa ń rò ó pé bóyá bàbá kan ló jáde sí wọn ní kékeré.

Ó dáa, ká wá sọ̀rọ̀ ẹ̀rù.

Wọlé Ṣóyínká sọ ọ́ nínú Aké, ìwé ìgbà èwe rẹ̀ tó jáde lọ́dún 1981, pé nígbà tí òun wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́rin, òun tẹ̀ lé àwọn ọlọ́pàá onífèrè tó ń kọjá lójú títì l'Abẹ́òkúta. Àwọn ọmọ tí wọ́n jọ ń tẹ̀ lé wọn já lọ́kọ̀ọ̀kan. Òun kò já. Ó bá wọn dé àgọ́ ọlọ́pàá ní Ìbarà, lọ́nà jíjìn sí Aké, àdúgbò tí wọ́n ń gbé, kẹ̀kẹ́ ni wọ́n sì fi gbé e padà sílé. N kò sọ ìtàn yìí kẹ́ ẹ lè ní kí ọmọ ọdún mẹ́rin máa rìn kiri ìlú. Ìlú tó rìn já ni kẹ́ ẹ wò. Ìlú tí mọ́tò kò pọ̀, tí ìyá alájàpá mọ ọmọ tíṣà, tí ọlọ́pàá mọ ilé tí yóò dá ọmọ padà sí. Ẹnìkan ní ń bímọ, igba ènìyàn ní ń tọ́ ọ: òwe náà kò purọ́ nígbà náà.

Lónìí, a ti kúrò ní agboolé, a ti bọ́ sí fúláàtì. Ògiri ga, géètì wà ní títì, igba ènìyàn yẹn ti di ìyá nìkan, ìyá náà sì ti rẹ̀ kó tó ti ibi iṣẹ́ dé. Ẹni tó bá ní kí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ fọkàn balẹ̀, kó kọ́kọ́ bá a wá ojú méjì sí i. Nítorí náà, ohun tí mo máa kọ́kọ́ bẹ̀ yín fún ni pé kẹ́ ẹ mọ òbí méjì mẹ́ta ládùúgbò. Ẹ gba orúkọ wọn, ẹ fún wọn ní tiyín, kẹ́ ẹ jọ pín in pé lónìí Ìyá Ṣadé ló jókòó síta, lọ́la Bàbá Ìbejì ni. Kò náni ní kọ́bọ̀. Ọmọ mẹ́fà tó ń ṣeré lójú àgbàlagbà kan tó ń ṣa ẹ̀wà níta wà láìléwu ju ọmọ kan ṣoṣo tó ń yọjú lójú géètì.

Lẹ́yìn náà, ẹ yí ilé ká. Ẹ wo kànga: ìdérí rẹ̀ dà, ṣé ó ní kọ́kọ́rọ́? Ẹ wo gọ́tà tó ṣí sílẹ̀. Ẹ wo wáyà iná tó wọlẹ̀, jẹnẹrétọ̀ tó gbóná, kẹrosíìnì tí wọ́n rọ sínú ìgò ohun mímu. Tí ọmọ tó ń rá bá wà nílé, ẹ má fi korobá tó kún fún omi sílẹ̀ nílẹ̀, nítorí omi inú korobá tó láti gba ẹ̀mí ọmọ kékeré. Tí mọ́tò bá wà nínú ọgbà, awakọ̀ tó ń fi ẹ̀yìn rìn kì í rí ọmọ tó dúró lẹ́yìn rẹ̀. Kó sọ̀kalẹ̀ wò kó tó ṣáná sí i. Àwọn ohun tó ń pa ọmọ tàbí tó ń sọ ọ́ di aláàbọ̀ ara nìyẹn. Orí wọn ni kí gbogbo ìṣọ́ra wa lọ. Tẹ́ ẹ bá ti yanjú wọn, ẹ gbé àpótí, ẹ jókòó, ẹ panu mọ́.

Ìpanumọ́ yẹn ló le jù. Orúnkún á bó, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ á jáde. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá kíyè sí ọmọ tó ṣubú dáadáa, ẹ ó ti rí i pé kì í tètè ké. Á kọ́kọ́ gbójú sókè wá wa kiri. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú, àwa sì ni iwájú náà. Tí ìyá bá ti dìde, tó ti káwọ́ lórí, "Yéè, mo gbé!", igbe á bẹ̀rẹ̀. Tí ìyá bá jókòó, tó ní, "Pẹ̀lẹ́, ṣé o lè dìde?", lọ́pọ̀ ìgbà ọmọ á gbọn iyẹ̀pẹ̀ dànù, á sáré padà sáàárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn ìyá tó bí ọmọ púpọ̀ mọ èyí láìsí pé ẹnikẹ́ni kọ́ wọn. Ọmọ àkọ́bí ló máa ń jẹ ìyà ẹ̀rù wa.

Ní Norway, obìnrin onímọ̀ kan, Ellen Sandseter, lọ wo àwọn ọmọ jéléósinmi bí wọ́n ṣe ń ṣe eré tó ń dẹ́rù bani, ohun tó sì kọ sílẹ̀ lọ́dún 2007 pín eré bẹ́ẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́fà: gígun ibi gíga, sísá eré kíkankíkan, lílo irinṣẹ́ tó mú, ṣíṣeré nítòsí iná tàbí omi, ìjàkadì, àti lílọ síbi tí àgbà kò ti ní rí wọn. Nígbà tí mo kà á, ẹ̀rín pa mí. Igi máńgò rèé. Táyà tí a ń fi igi lé lójú ọ̀nà rèé. Abẹ tí a fi ń gé sálúbàtà tó ti já ní róbótó láti fi ṣe ẹsẹ̀ mọ́tò alágolo rèé. Ẹkẹ rèé. Bojúbojú rèé. Ohun tí àwọn ọmọ Norway ń wá nílé ẹ̀kọ́ wọn ni àwọn òbí wa jogún, tí àwa fẹ́ gbà lọ́wọ́ ọmọ tiwa. Ọmọ tó ń gun igi ń díwọ̀n ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan kó tó gbé ẹsẹ̀ lé e. Tẹ́ ẹ bá ń pariwo láti ìsàlẹ̀, ohùn yín ni yóò máa gbọ́, kò ní gbọ́ dídún ẹ̀ka tó fẹ́ dá.

Àwọn ọmọbìnrin ńkọ́? Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí. Nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, aago márùn-ún lù, wọ́n pe ọmọbìnrin wọlé kó wá fọ abọ́, kó wá gbé àbúrò pọ̀n. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ṣì wà lórí pápá di alẹ́. Sùwẹ̀ tí ọmọbìnrin náà fà sílẹ̀ kò tíì parí, ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ta tẹ̀ń-tẹ̀ń ń dúró dè é. Ẹ pín iṣẹ́ ilé náà dọ́gba, kí àwọn méjèèjì jọ fọ abọ́, kí àwọn méjèèjì sì jọ jáde.

Lẹ́sìn, ìyẹn ẹ̀kọ́ àfikún lẹ́yìn ilé ìwé, ni ọ̀tá eré tó lágbára jù ní ìlú ńlá. Ọmọ jí ní aago márùn-ún àárọ̀ kí bọ́ọ̀sì ilé ìwé má baà fi í sílẹ̀. Ó jáde ilé ìwé, ó wọ lẹ́sìn. Ó dé ilé, iṣẹ́ àṣetiléwá ń dúró dè é. Ọjọ́ Sátidé, lẹ́sìn mìíràn. Ìsinmi dé, wọ́n ní lẹ́sìn ìsinmi ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà! Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ṣe bẹ́ẹ̀ á ti kọ̀wé béèrè ìsinmi. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí Nàìjíríà ṣe lọ́dún 2003, ní abala 12, sọ pé ọmọ kọ̀ọ̀kan lẹ́tọ̀ọ́ sí ìsinmi àti eré tó bá ọjọ́ orí rẹ̀ mu. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe tirẹ̀ lọ́dún 2007. Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé ti sọ bẹ́ẹ̀ láti ọdún 1989, abala 31. Àjọ Ìlera Àgbáyé pẹ̀lú ní kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa lo ara rẹ̀ dáadáa fún ìṣẹ́jú 60 lójúmọ́, ó kéré tán. Èyí tó wà ní ọmọ ọdún 3 tàbí 4, wákàtí mẹ́ta lójúmọ́ ni wọ́n ní kó máa fi rìn, kó máa fi fò, kó máa fi sáré, wọn ò sì fẹ́ kó fi ju wákàtí kan lọ jókòó ti fóònù tàbí tẹlifíṣọ̀n. Ẹ ṣírò ti ọmọ yín wò.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbọ́ wa láti ìlú òyìnbó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo mọ̀ pé ẹ̀rù tiyín yàtọ̀. Ẹ̀rù ìjọba ni, pé kí wọ́n má lọ sọ pé ẹ pa ọmọ tì. Ní England, òfin kò dárúkọ ọjọ́ orí kan pàtó tí ọmọ lè dá wà nílé. Ewu ni wọ́n máa ń wò. Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ Utah ṣe òfin lọ́dún 2018 pé kí òbí jẹ́ kí ọmọ tó tó bẹ́ẹ̀ dá rìn lọ sílé ìwé tàbí kó dá ṣeré níta kì í ṣe ìpatì, wọ́n sì làwọn ìpínlẹ̀ mìíràn lọ́nà. Ẹ wádìí òfin ibi tẹ́ ẹ wà kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun, kẹ́ ẹ má kàn gba ohun tí ọ̀rẹ́ sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Ọmọ tí wọ́n ti ń bá ṣètò ayé rẹ̀ láti ìgbà tó ti dáyé, tẹ́ ẹ bá ṣàdédé fi í sílẹ̀, yóò wá bá yín. "Mọ́mì, kò sí nǹkan tí mo lè ṣe." Ẹ má fún un ní fóònù. Ẹ má dá eré sílẹ̀ fún un. Ẹ sọ fún un pé ẹ gbọ́, kẹ́ ẹ sì máa bá iṣẹ́ yín lọ. Yóò rojú, yóò máa fi ẹsẹ̀ ti àga. Kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi gbọ́ tí páálí ń dún ní yàrá kejì. Ẹ má lọ wò ó. Ẹ wá aṣọ àlòkù méjì tí wọn yóò máa fi ṣeré, kó má di pé nítorí yúnífọ́ọ̀mù la ṣe ń lu ọmọ. Wọ́n á dọ̀tí, omi àti ọṣẹ wà.

Ẹ̀bẹ̀ tí mo ní sí yín lónìí nìyí. Nígbà tí ilé ìwé bá tún pè yín sí ìpàdé òbí àti olùkọ́, kó tó kan ọ̀rọ̀ owó, ẹ dìde, ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn pé: níbo làwọn ọmọ wa ti ń ṣeré níbí, ìṣẹ́jú mélòó sì ni lójúmọ́? Tí wọ́n bá ní kò sí àyè mọ́, pé àwọn ti kọ́ kíláàsì sórí pápá, ẹ ní kí akọ̀wé kọ èsì yẹn sínú ìwé ìpàdé, kẹ́ ẹ sì tún béèrè ní ìpàdé tó bá tẹ̀ lé e.